Igi Tí Ọwọ́ Obìnrin Kò Gbọdọ̀ Kàn

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìgbéraga tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, ẹ wá sí ìlú Angyo nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí ewé momiji, igi ẹlẹ́wà tó máa ń pupa nígbà òtútù, bá ń pọ́n, kí ẹ béèrè ilé Orihara Kanzaburo. Ẹ ò ní í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo Angyo ló ń gbin igi tà, ṣùgbọ́n Kanzaburo ni Alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin momiji, ó sì ti wà lórí àga yẹn láti ọdún mọ́kànlá. Kì í ṣe pé wọ́n ń dìbò yàn án o. Ṣe ló máa ń ti jókòó kí àwọn tó kù tó bọ́ bàtà tán lẹ́nu ọ̀nà, ojú sì ń ti gbogbo wọn láti ní kó dìde.

Fusae ló máa ń gbé tíì fún wọn. Ìyàwó ilé ni, opó Yasuaki, ọmọ kan ṣoṣo tí Kanzaburo bí. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jí, á bomi rin ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìkòkò igi, á fọṣọ, á se ìrẹsì, á sì tún padà sídìí omi kí oòrùn tó le. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé ọdún mẹ́ta gbáko lèèyàn fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bomi rin igi. Fusae ti ń ṣe é fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, Kanzaburo ṣì ń sọ fún àlejò pé, "Ó ń gbìyànjú, ó ṣì ń kọ́ ọ."

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé yín, ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Momiji lásán, èyí tí kò lórúkọ, ni wọ́n ń gbin kóró rẹ̀. Bó bá pé ọdún mẹ́ta, tó ga dé orúnkún, nínú oṣù kejì tí òtútù ṣì wà, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé e nísàlẹ̀, wọ́n á so ẹ̀ka igi olórúkọ, ìyẹn momiji olówó gọbọi tí wọ́n ti sọ lórúkọ, mọ́ ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n á fi téèpù wé e. Láti ọjọ́ náà lọ, igi lásán di ẹsẹ̀, igi olórúkọ di orí. "Ẹsẹ̀" náà ni wọ́n sì ń pè é. Ẹsẹ̀ ń fa omi, orí ń gba ìyìn. Láti ayé bàbá bàbá wọn ni wọ́n ti ń gé e bẹ́ẹ̀, débi pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ti rí i kó dàgbà rí. Wọ́n mọ̀ ọ́n dé orúnkún. Ibi tí ìmọ̀ wọn pin sí nìyẹn.

Igi tí Kanzaburo fi ń yangàn ni wọ́n ń pè ní Yoake, ìyẹn Àfẹ̀mọ́júmọ́. Ewé rẹ̀ funfun, etí ewé náà pupa fẹ́ẹ́rẹ́, inú ìkòkò amọ̀ aláwọ̀ búlúù ló ń gbé. Bàbá Kanzaburo ló so ó mọ́ ẹsẹ̀ lọ́dún tí wọ́n bí Kanzaburo. Àkẹ́jù gbáà ni igi náà: bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, á gbọ̀n, bí oòrùn bá yọ, á ká ewé. Òfin kan ló sì wà lórí rẹ̀: ọwọ́ obìnrin kò gbọdọ̀ kàn án. Kanzaburo fúnra rẹ̀ ló ń bu omi sí i, pẹ̀lú korobá bàbà kékeré kan, tòun ti aṣọ funfun lọ́rùn, bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà.

Ọdún méjì ṣáájú ayẹyẹ tí mo fẹ́ sọ yìí, nínú oṣù kẹjọ, ó gbé Yoake kúrò lábẹ́ ibòòji, ó gbé e síwájú ilé lórí sìmẹ́ńtì kí àwọn tó ń kọjá lè máa wò ó. Lọ́jọ́ kejì ni ẹgbẹ́ fẹ́ lọ wẹ omi gbígbóná tó ń sun látinú ilẹ̀ lórí òkè Kusatsu fún ọjọ́ mẹ́ta. Fusae gbé àpò rẹ̀ tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, oòrùn ọdún yìí mà le o. Ẹ jẹ́ n máa bu omi sí Yoake títí ẹ ó fi dé."

"Ìwọ? Ọwọ́ tó o fi ń fọ ìkòkò ọbẹ̀ lo fẹ́ fi kan Yoake?"

"Ọjọ́ mẹ́ta ni, Bàbá. Sìmẹ́ńtì yìí ń jó èèyàn látẹ́sẹ̀."

"Igi yẹn mọ ọwọ́ mi. Á dúró dè mí. Mo ní má fọwọ́ kàn án, àbí etí ẹ di ni?"

Fusae ṣe bí wọ́n ṣe wí. Mi ò ní í parọ́ fún yín: ìbẹ̀rù wà nínú ìgbọràn yẹn, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn náà wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ tú wò. Lọ́jọ́ kìíní, ewé Yoake ká. Lọ́jọ́ kejì, etí ewé náà jó. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, ó ń dún bí ìwé tí wọ́n fi di ẹja. Kanzaburo dé, ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ ń rùn bí omi orí òkè, ó gbé páálí àkàrà ẹlẹ́wà dídùn kan dání. Ó wo igi, ó wo Fusae.

"Kí lo ṣe fún un?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án, Bàbá."

Kanzaburo jẹ àkàrà náà tán ní òun nìkan, ó wọlé lọ sùn.

Nígbà tí ìrúwé dé, orí Yoake ti kú pátápátá. Kanzaburo fi ayùn kékeré gé òkú ẹ̀ka náà kúrò nígbà tí kò sẹ́nì kan níta. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò kú. Ẹsẹ̀ kì í tètè kú, iṣẹ́ ló mọ̀. Lábẹ́ kókó ojú ọgbẹ́ àtijọ́ ni ọ̀mùnú kan ti yọ, ó tutù yọ̀yọ̀, ewé rẹ̀ ní ìka bí ọwọ́ ọmọdé. Momiji lásán ni. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún méjìléláàádọ́rin rí àyè, ó fi gbogbo ara dìde. Oṣù mẹ́rin péré, ó ti ga dé ìbàdí èèyàn.

Ohun tí ẹni tó ní ìtìjú yóò ṣe ni pé yóò dákẹ́. Kanzaburo pe ìpàdé.

"Ẹ wò ó," ó ní, ó na ọwọ́ sí i. "Yoake ti para dà. Ó bọ́ aṣọ àtijọ́, ó wọ tuntun. Irú ewé yìí kò sí nínú ìwé kankan."

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yí i ká. Wọ́n wò ó sókè, wọ́n wò ó sísàlẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ìyá igi náà wà nínú ìkòkò rọ́bà ní ilé kálukú wọn, ó ń retí ọ̀bẹ oṣù kejì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé wọn ò tíì rí i kó kọjá orúnkún rí. Àwọn méjì kan fura, wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n wo ojú Alága, wọ́n sì fà sẹ́yìn. Negishi, igbákejì Alága, tó jẹ́ pé ọrùn rẹ̀ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mi orí sọ pé rárá, ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i! Alága, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí irú èyí rí."

Òótọ́ ló sọ, kò rí irú rẹ̀ rí.

Ṣé Kanzaburo fúnra rẹ̀ mọ̀? Fusae rò ó títí. Ohun tó rí ni pé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bá bàbá náà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ìkòkò, tó ń fi koríko wẹ́wẹ́ tó máa ń hù lára òkúta létí omi bo kókó ọrùn ẹsẹ̀ igi náà, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó ní kó lè rẹwà ni. Ó dáa.

Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀ ná, ká lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ, igi kan wà tí kò lórúkọ. Ọkùnrin kì í dé ibẹ̀. Ogún ọdún ó lé méjì sẹ́yìn, nínú oṣù kejì, Yasuaki àti bàbá rẹ̀ jókòó tí wọ́n ń gé ẹsẹ̀, ọ̀bẹ Yasuaki sì dúró lórí ọ̀kan.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ẹyọ kan sílẹ̀. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí tá ò bá gé e."

"Bó ṣe máa ń rí? Bí ọ̀lẹ bíi tìẹ ló máa ń rí. Fà á tu, kó o jù ú nù."

Yasuaki fà á tu lóòótọ́. Kò jù ú nù. Ó fi sínú àpò ẹ̀wù, ó gbìn ín sẹ́yìn ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń sá aṣọ sí, ó fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sára àmì rọ́bà funfun kan bíi tàwọn ìkòkò yòókù, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ilẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ bi í, ó ní òun ti jù ú nù. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan bẹ́ nínú orí rẹ̀, ó kú kí ọkọ̀ tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Kò rí kí igi náà pọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Fusae ló ń bá a rí i. Lọ́dọọdún, bí òtútù oṣù kọkànlá bá ti mú, igi náà á pọ́n láti òkè dé ilẹ̀, gbogbo aṣọ funfun tó bá sá sábẹ́ rẹ̀ á sì gba àwọ̀ náà títí oòrùn á fi wọ̀. Á dúró láàárín aṣọ, á máa sọ bó ṣe rí fún ọkọ rẹ̀, jẹ́jẹ́, kí wọ́n má baà gbọ́ nínú ilé. Kò sọ fún Kanzaburo rí pé ọmọ rẹ̀ ló gbìn ín. Kò fẹ́ kí wọ́n pe òkú ní òpùrọ́. Àmì rọ́bà náà ti wọlẹ̀ tipẹ́, ó rò pé ó ti jẹrà.

Ibẹ̀ gan-an ni ojú Kanzaburo wá lọ. Ẹgbẹ́ ti fẹnu kò pé wọn yóò sọ igi tuntun náà lórúkọ ní Sátidé kẹta oṣù kọkànlá, bí ayẹyẹ bá sì parí, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn yóò gbìn ín sílẹ̀, wọn yóò gbé òkúta síwájú rẹ̀. Níbo nínú ilé ni ilẹ̀ ti dára jù? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ni.

"Negishi ń gbé ayùn ńlá bọ̀ ní Mọ́ńdè," Kanzaburo wí nídìí oúnjẹ àárọ̀. "Igi ẹ̀yìnkùlé yẹn ń lọ. Wá ibòmíràn sá aṣọ ẹ sí."

Fusae gbé abọ́ ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ibòmíì ò sí ni? Igi yẹn ti dàgbà."

"Igi wo? Ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ tó gbàgbé láti kú."

"Ẹ dákun, Bàbá. Mi ò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ yín rí."

"O ò sì ní í bẹ̀rẹ̀ lónìí. Igi tí kò lórúkọ, tí ìwọ náà ò lè sọ bàbá tó bí i, òun lo ń sunkún lé lórí?"

Ó mọ bàbá tó bí i, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó kó abọ́ kúrò nílẹ̀, ó lọ sẹ́yìn, ó fi iwájú orí ti igi náà, ó sì sunkún bó ṣe yẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí Mọ́ńdè tó dé.

Sátidé dé. Ogójì èèyàn ló wá. Kanzaburo wọ agbádá dúdú tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, okùn tí wọ́n fi ń so iwájú rẹ̀ lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń tú u, ó ń so ó. Wọ́n ti gbé Yoake sórí tábìlì aláṣọ pupa níwájú ilé. Ká sọ tòótọ́, igi náà kò pọ́n dáadáa. Igi inú ìkòkò tó lo ẹ̀ẹ̀rùn lórí sìmẹ́ńtì, àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì àná.

"Fusae! Ìkòkò òdòdó yìí ṣófo! Fi ẹ̀ka momiji sí i kí Dókítà tó dé!"

"Èwo ni kí n gé, Bàbá? Ẹ ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Yoake."

"Ibi tó bá wù ẹ́ ni kó o ti gé e! Má fi ọ̀rọ̀ kékeré dá mi lágara!"

Ó mú ọ̀bẹ, ó lọ sẹ́yìnkùlé. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ igi náà kó tó gé ẹyọ kan. Ó fi sínú ìkòkò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Yoake, ó sì padà sídìí tíì.

Dókítà tí wọ́n ń retí ni Udagawa, ará Omiya, arúgbó tín-ín-rín tó ti kọ ìwé mẹ́fà lórí igi. Ó kí gbogbo èèyàn, ó yí Yoake ká lẹ́ẹ̀mẹta. Fusae, tó gbé àwo tíì dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rí i nígbà tó fi èékánná ìka kékeré ṣí etí koríko wẹ́wẹ́ yẹn díẹ̀. Ó wo kókó tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wo ibi tí ọ̀mùnú ti yọ. Ó rọra dá koríko padà, ó fi ìka lù ú pẹ́pẹ́, bí ẹni tó ń bo ọmọ tó ń sùn.

"Alága Orihara," ó ní, "igi yín yìí ní gbòǹgbò tó dáa gan-an."

Àtẹ́wọ́ sọ. Negishi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ẹ̀rín ń pa Fusae, ṣùgbọ́n tíì gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni ojú Dókítà bọ́ sórí ẹ̀ka inú ìkòkò òdòdó. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún fi sójú. Pupa ewé náà kò ní àbùlà, ó mọ́ láti etí dé ìdí.

"Èyí ńkọ́? Ara igi yìí náà ni?"

"Àbí ibo ni ì bá tún ti wá?" ni Kanzaburo dáhùn. "Yoake náà ni. Àárọ̀ yìí la gé e."

"Ewé wọn jọra lóòótọ́, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n àwọ̀ yìí... ẹ̀gbẹ́ ibo lẹ ti gé e?"

Kanzaburo yíjú. "Fusae, sọ fún Dókítà ibi tó o ti gé e."

Ojú ogójì èèyàn yí sí i. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Fusae gbé àwo tíì sílẹ̀.

"Mi ò fọwọ́ kan Yoake, Bàbá. Ẹ ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti gé e, lára igi tí Ọ̀gbẹ́ni Negishi fẹ́ wá fi ayùn gé ní Mọ́ńdè."

Dókítà ti ń lọ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Gbogbo ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni tún ṣe fún àlejò. Aṣọ ọjọ́ Jímọ̀ ṣì wà lórí okùn, ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ gígùn mẹ́ta tí Alága ń wọ̀ nígbà òtútù ló sì wà níwájú pátápátá. Àgbààgbà Angyo tẹrí ba lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gba abẹ́ ṣòkòtò Alága kọjá, tàwọn ti kóòtù wọn. Nígbà tí wọ́n gbé orí sókè, wọ́n rí i.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ bí igi náà ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Ẹnì kan nínú wọn, bàbá àgbà kan tó ti fi ọ̀bẹ gé ẹsẹ̀ fún àádọ́ta ọdún, wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún wo igi náà.

Kanzaburo ló kẹ́yìn dé. Ó dúró. Ẹni tó gbé odó mì, kò sí ìdúró, kò sí ìbẹ̀rẹ̀ fún un. Bó bá ní ẹsẹ̀ lásán ni igi yìí, wọn á ní ewé Yoake tuntun ńkọ́, tí Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò yàtọ̀? Bó bá ní igi ńlá ni, wọn á ní kí ló dé tó fẹ́ gé e? Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀ nínú òtútù oṣù kọkànlá. Ó wúkọ́.

"Èmi ni mo gbìn ín," ó wí. "Ọmọ Yoake ni. Mo ti fi pa mọ́ síbí láti ogún ọdún, mo ń dúró de ọjọ́ òní."

"Hẹ̀ẹ́n!" ni Negishi kígbe. "Àgbà nìyí! Ogún ọdún, kò sọ fún ẹnì kankan!"

"Ayùn ńkọ́?" Dókítà béèrè.

"Ayùn... àwọn ẹ̀ka kéékèèké ìsàlẹ̀ yẹn ni a fẹ́ tún ṣe."

Àtẹ́wọ́ sọ. Inú bí Fusae débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Dókítà Udagawa nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó yíjú sí i.

"Ìyá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Bí Fusae bá sọ pé rárá, ìtìjú yóò mú kí Kanzaburo wó igi náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wo ẹ̀ka rẹ̀ sókè. Ó rántí ọwọ́ Yasuaki nínú ilẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, nǹkan mìíràn sì bọ́ sí i lẹ́nu.

"Bí Bàbá bá ti sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá nìkan ló ń bomi rin ín. Ọwọ́ ẹlòmíì ò gbọdọ̀ kàn án. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ogún korobá ni lójúmọ́, kó tó di aago méje."

"Ogún!" Negishi wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ní ọjọ́ orí yẹn! Alága, ó di dandan kí n máa wá wo iṣẹ́ yìí fúnra mi. Mo fẹ́ kọ́ ọ."

Kanzaburo la ẹnu, ó pa á dé. "Bẹ́ẹ̀... bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ogún."

Wọn ò gé igi náà. Wọ́n gbé òkúta síwájú rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ọ sára rẹ̀ pé: YOAKE KEJÌ, ORIHARA KANZABURO LÓ GBÌN ÍN. Wọ́n na okùn yí i ká, wọ́n tú okùn aṣọ Fusae, ó lọ ń sá aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí, níbi tí oòrùn kì í dé. Kò lè dúró sábẹ́ igi náà mọ́ bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òfin ọwọ́ obìnrin ti dé ibẹ̀ náà. Èyí dùn ún ju ayùn lọ lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n igi wà láàyè.

Yoake tó wà nínú ìkòkò ńkọ́? Wọ́n gbàgbé rẹ̀ síwájú ilé. Ó ń dàgbà.

Oṣù kẹjọ dé, oòrùn Angyo sì ń jó bó ṣe máa ń jó. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà, òun ni yóò fi lọlẹ̀ dé ibẹ̀. Láràárọ̀, aago mẹ́fà, Negishi á ti dúró lẹ́nu ọgbà pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀, á tẹrí ba, á ní, "Alága, mo wá kọ́ ọ." Kanzaburo, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, á sì fa omi láti inú kànga, korobá kan tẹ̀ lé òmíràn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé, títí Negishi á fi lọ jẹun. Rọ́bà omi tí Fusae fi ń bomi rin ìkòkò igi gùn dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni Fusae tí yóò fọwọ́ kàn án?

Igi náà kò nílò omi ẹnì kankan o. Ogún ọdún ó lé mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ti mu nínú kànga tipẹ́. Fusae mọ̀. Òun ló fi ibi tí omi yóò máa dà sí hàn án.

"Kì í ṣe ìdí rẹ̀, Bàbá, omi á mú un jẹrà. Ẹnu gbòǹgbò jìnnà sí ìdí. Lọ́hùn-ún, níbi tí mo gbin ikàn sí."

Ikàn ọdún yẹn tóbi bí apá ọmọ ọwọ́. Fusae fi òróró dín in, ó fi ẹ̀wà lílọ̀ oníyọ̀ tó ti kan pa á lára, Kanzaburo jẹ ẹ́, ó ní ó dùn, ó ní ilẹ̀ ilé òun ló dára.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá, lówùúrọ̀ kan tí Negishi kò tètè dé, ẹsẹ̀ yọ̀ ní Kanzaburo, korobá keje sì dà sí ìdí igi náà gan-an. Omi gbá ilẹ̀ lọ. Nǹkan funfun kan yọ etí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì fà á jáde, ó fi eteetí ẹ̀wù nù ún. Pẹ́ńsùlù kì í pa rẹ́ lára àmì rọ́bà. Ìdí tí àwọn oníṣẹ́ igi fi ń lò ó nìyẹn.

Fusae ń gé ikàn lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn nígbà tó gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Bàbá náà dúró níwájú rẹ̀, àmì náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀ kó tó kà á. *Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e.*

"Fusae." Ohùn rẹ̀ kò jọ ti Alága mọ́. "Ta ló gbin igi yìí?"

Àánú rẹ̀ ṣe é. Inú rẹ̀ sì dùn, ká má parọ́. Ọ̀rọ̀ tí bàbá náà fẹ́ gbọ́ ti wà ní góńgó ahọ́n rẹ̀ láti ogún ọdún, ì bá sì fi í fún un lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá béèrè kó tó gbé òkúta kalẹ̀. Ó wo òkúta náà. Ó wo ibi tí okùn aṣọ rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá," ó wí. "Ogójì èèyàn ló gbọ́ ọ."

Kanzaburo padà sídìí igi, ó kúnlẹ̀, ó tẹ àmì náà padà sínú ilẹ̀ ní ibi tó ti fà á jáde. Ó pẹ́ kó tó dìde. Nígbà tó dìde, ó mú korobá.

"Ó ku mẹ́tàlá, Bàbá," Fusae wí, ó sì ń gé ikàn rẹ̀ lọ.